Ojú Tó Ń Wá Àkàrà

Ẹ wo èèyàn méjì tó kúrò ní Aguidi, tí wọ́n jọ wọ ọjà Pọ́bẹ̀. Ọ̀kan gbọ́ ariwo àkàrà nínú epo gbígbóná, ọrùn rẹ̀ yí síbẹ̀ kíá. Èkejì kọjá lọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé àkàrà wà níbẹ̀. Ṣé ẹni àkọ́kọ́ ni wọ̀bìà? A máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, a máa ń yára jù.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ti jẹun. Ní ọdún 1945, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin 36 gbà láti jẹ oúnjẹ díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn onímọ̀ lè mọ ohun tí ebi ń ṣe fún èèyàn. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè. Wọn kì í ṣe wọ̀bìà. Ebi ni.

Ẹni tó ti yó ńkọ́? Àṣà ló ń fà á. Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904, rí i pé bí ajá bá ń gbọ́ ìró kan kí oúnjẹ tó dé, tó bá yá, ìró náà nìkan á mú kí itọ́ rẹ̀ máa dà. Èèyàn kì í ṣe ajá, mo mọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ń ra àkàrà níbì kan ní gbogbo òwúrọ̀, èéfín ibẹ̀ nìkan á dá yín dúró. Ẹsẹ̀ yín á ti yà kí ẹ tó rò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí le fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Dókítà ti ní kó dín ohun dídùn kù. Ará ilé ń bá a wí pé kò lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu, àwọn náà ló sì gbé ṣúgà àti bùrẹ́dì síwájú rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi? Èmi kò ní di ẹ̀bi ojú tó kọ́kọ́ wò rù ú. Ọwọ́ tó nà ni a lè bi í léèrè, kí a sì bi ẹni tó gbé àwo náà síbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ gbé àwo ṣúgà kúrò lórí tábìlì. Kó jẹ ẹ̀wà díẹ̀ kó tó lọ sí ọjà, kó sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ á ṣì máa wá ibi tó mọ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.