Ìbà Nínú Orin Tí A Yá

Ẹni tó bá ti jókòó síbi èfẹ̀ rí, ní alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétu tàbí ní ìletò tó yí i ká, mọ̀ pé akọrin kì í dédé la ẹnu bá ẹni tó ṣẹ̀ wí. Yóò kọ́kọ́ júbà: fún àwọn ìyá, fún àwọn àgbà, fún ẹni tó kọ́ ọ lórin. Lẹ́yìn ìbà ló tó lè sọ fún olóyè pé ó jẹ owó ìlú. Ìbéèrè tó wá wà níwájú wa ni pé: ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tó yá ìlù ìlú náà lò, ìbà wo ló jẹ?

Lọ́dún 1980, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní New York, Talking Heads, gbé àwo Remain in Light jáde. Brian Eno ló bá wọn ṣe é. Gìtá oníná wà níbẹ̀, ohùn ẹ̀rọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohun tó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ ró ni ọ̀nà tí Fẹlá ń gbà to ìlù àti gìtá léra wọn, pàápàá nínú àwo Afrodisiac ti ọdún 1973. Wọn kò fi í pamọ́. Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn. Síbẹ̀, ẹni tó ń jó sí i kò gbọ́ ìbà kankan. Angélique Kidjo, ọmọ bíbí Ouidah, dé Párìsì lọ́dún 1983, ó gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn orin náà níbi àríyá, ó ní orin Áfíríkà ni èyí. Wọ́n ní rárá o, rọ́ọ̀kì ni. Olè kọ́ ni àwọn ará New York wọ̀nyẹn, n kò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ tí kò dé etí oníjó, ìdajì ìjẹ́wọ́ ni.

Ní 2018, Kidjo tún gbogbo orin 8 inú àwo náà kọ. Tony Allen, onílù Fẹlá, bá a lù ú. Ó fi àwọn èdè ilé kún un. Ohun tó dà bí ìpayà ará ìlú ńlá lẹ́nu àwọn àkọ́kọ́ wá di ẹ̀sùn sí àwọn aláṣẹ tó ń jẹ owó ìlú. Àwọn kan ní ńṣe ló gba ẹrù wa padà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwo náà kò yí padà, orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò sì sọnù: òun náà yá nǹkan, ó sì júbà ní gbangba.

Ibi tó le gan-an ni ibi tí a ti ń bá aláṣẹ wí. Ojúkojú ni akọrin èfẹ̀ àti ẹni tó ń bá wí wà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò tún pàdé lọ́jà. Kidjo ti kúrò ní Bẹ̀nẹ̀ nígbà ìjọba Kérékou, nígbà tí wọ́n fẹ́ kí olórin máa yin ìjọba. Ẹni tó sá kí ó má baà purọ́ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ àwọn orin wọ̀nyí ní Carnegie Hall lọ́dún 2017, ta ni ẹ̀sùn náà bá níbẹ̀? Àwọn tó pàtẹ́wọ́ kọ́ ló ń ṣọ́ àpò ìlú wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ bá wá gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀, tó gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà nínú rẹ̀ láìsí ògbufọ̀, ẹ̀sùn náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè bi mẹ́ẹ̀rì rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fi owó ọ̀nà ṣe.