Ìwúre fún Àwọn Ọmọ Tó ń Kọ́ Sinimá Àgbáyé Pẹ̀lú Èdè Àjèjì

Olódùmarè, Ọba tó dá ojú, tó dá etí, Ọba tó pín èdè fún ìran kọ̀ọ̀kan láìfi ọ̀kan ṣe ẹrú èkejì, ìwọ ni mo kọjú sí. Nítorí àwọn ọmọ kan ni mo ṣe wá. Wọ́n wà ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Faransé, Jámánì àti Potogí. Wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní Èkó. Àwọn mìíràn wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹni tó ń kọ́ èdè àjèjì ti sábà máa ń lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, tí yóò sì lo ọ̀kan nínú rẹ̀ láàrin àwọn tó ni èdè náà. Wọ́n so ẹ̀kọ́ sinimá àgbáyé mọ́ ẹ̀kọ́ èdè, àwọn ẹbí sì ń bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Èmi kò bi wọ́n. Àdúrà ni mo ní fún wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ ibí.

Kí etí yín là bí ojú yín ṣe là. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, tí àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń jẹ́ Lumière gba owó lọ́wọ́ èèyàn ní Grand Café ní Páríìsì, tí wọ́n fi àwòrán tó ń rìn hàn wọ́n, àwòrán náà kò fọhùn. Ojú ti tó lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí àwòrán ti ń sọ̀rọ̀, kò tó mọ́. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ń gbójú lé ìlà méjì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, àwa tí a sì ń wo fíìmù Yorùbá mọ ohun tí ìlà méjì lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe: ìyá àgbà á pòwe, á fi ohùn dárà, á fi ojú kún un, Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ á kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ẹ máa ka ìsàlẹ̀ àwòrán títí ayé. Èdè tí ẹ mú, kó wọ̀ yín lára. Gírámà tó le, kó rọ̀ fún yín. Ohùn tí kò sí nínú èdè wa, kí ahọ́n yín mọ̀ ọ́n gbé. Ẹni tó ń fi bí ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ṣe ẹ̀rín lónìí, kí ó wá bi yín léèrè ọ̀rọ̀ lọ́la.

Kí Ọlọ́run fún yín ní sùúrù. Fíìmù kan wà tí mo fi ń tọrọ rẹ̀ fún yín, Tokyo Monogatari, tí Yasujiro Ozu gbé jáde ní Jàpáànù lọ́dún 1953. Baba àti ìyá arúgbó kan kúrò ní Onomichi, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Àwọn ọmọ kò lé wọn, wọn kò bú wọn. Ọwọ́ wọn ni kò dilẹ̀: ọ̀kan jẹ́ dókítà, ọ̀kan jẹ́ onídìrí. Noriko, opó ọmọkùnrin wọn tí ogun mú lọ, ló tọrọ àyè níbi iṣẹ́ tó sì mú wọn rìn káàkiri ìlú. Kò pẹ́ tí wọ́n padà délé ni ìyá kú. Ariwo kò sí nínú fíìmù náà. Ozu gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀, ní ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó sórí ẹní, torí orí ẹní ni wọ́n ti ń jẹun nílé náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹríba fún ara wọn. Ẹni tí kò mọ bí ilé Jàpáànù ṣe rí yóò ní fíìmù náà falẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò rí i pé ìkíni tí ọmọ fi ìkánjú ṣe lè dun òbí ju èébú lọ. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún gan-an nìyí: kí ẹ tó dá onílé lẹ́jọ́, kí ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó nílé rẹ̀. Bí ẹ bá sì rántí òbí kan nílé wa tó ń retí ọmọ rẹ̀ láti Èkó tàbí láti òkè òkun, kí omijé tó bọ́ lójú yín jẹ́ ti ìmọ̀.

Nínú fíìmù kan tí Abbas Kiarostami ya ní Ìráànì lọ́dún 1987, ọmọdé kan ṣèèṣì mú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, ó sáré gun òkè lọ sí abúlé kejì kó lè dá a padà, àwọn àgbà kò sì kọbi ara sí i. Kí ẹ pàdé àgbà tí yóò dá yín lóhùn. Kí olùkọ́ yín fẹ́ràn yín, kí ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n bá ti dínà mọ́ yín, kí ọ̀nà mìíràn là. Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni Paulin Soumanou Vieyra, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1925. Ó kàwé ní IDHEC, ilé-ẹ̀kọ́ sinimá ní Páríìsì. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ya fíìmù nílẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n láti 1934 ni Faransé ti ṣòfin pé ẹni tí ìjọba amúnisìn kò bá fún láṣẹ kò gbọdọ̀ yàwòrán níbẹ̀. Wọn kò rí àṣẹ gbà. Wọ́n bá ya ìgbésí ayé àwọn èèyàn dúdú ní Páríìsì fúnra rẹ̀, wọ́n pè é ní Afrique-sur-Seine, 1955. Ẹ ó rí ọgbọ́n irú rẹ̀ dá.

Àdúrà tó wà lókè ọkàn mi ló kù. Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, kò rí yunifásítì lọ. Ó ru ẹrù ní èbúté Marseille, ó kọ ìwé ìtàn ní Faransé, àwọn ìwé náà sì dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ nílé kò lè kà wọ́n. Ó ń lọ sí ẹni ogójì ọdún nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ sinimá ní Mọ́síkò. Faransé ni La Noire de… tó ṣe ní 1966 ń sọ. Nígbà tó fi máa di 1968, Wọ́lọ́ọ̀fù ló fi ṣe Mandabi, ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí láti Páríìsì, tí kò rí i gbà ní pósófíìsì nítorí pé kò ní káàdì ìdánimọ̀. Ẹ wo ìrìn ọkùnrin náà: ó gba Faransé kọjá, ó gba Mọ́síkò kọjá, kó tó fi èdè ìyá rẹ̀ ya fíìmù. IDHEC náà ni Ọlá Balógun ti kọ́ṣẹ́ kó tó darí Àjàní Ògún ní 1976, ní 1978 ó sì ya A Deusa Negra ní Bràsíìlì, láàrin àwọn tí kò jẹ́ kí òrìṣà wa kú. Irú ìrìn yìí ni mo tọrọ fún yín jù. Kí ẹ lọ jìnnà, kí jíjìnnà náà má gba Yorùbá lẹ́nu yín. Mo sì ń sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi: yunifásítì tó bá ya ẹ̀kọ́ sinimá kúrò lára ẹ̀kọ́ èdè, ìdajì ẹ̀kọ́ ló fún ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí abúlé èdè Faransé ní Àgbádárìgì, ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí físà, yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́. Iná kò ní lọ láàrin fíìmù, dátà yín kò ní tán. Ìyanṣẹ́lódì kò ní jẹ ọdún yín mọ́. Òtútù ilẹ̀ àjèjì kò ní di àìsàn sí yín lára, orí yín kò ní bá yín dé ilé ẹni ibi. Baba tó ta ilẹ̀, ìyá tó fi owó èsúsú ránṣẹ́, ojú wọn yóò rí èrè yín. Nínú yín ni olùdarí fíìmù yóò ti jáde, nínú yín ni olùkọ́ yóò ti jáde. Nínú yín ni a ó ti rí àwọn tí yóò kọ Faransé, Potogí àti Jàpáànù tó jinlẹ̀ sísàlẹ̀ fíìmù Ògúnńdé àti ti Kèlání, kí ẹni tó wà ní Dakar, ní Bahia àti ní Tokyo lè gbọ́ òwe wa. Àṣẹ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá wa ṣe àmín. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò kan lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí, ẹ pè é lónìí, ẹ bi í léèrè fíìmù tó wò lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì wúre fún un kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.