Kí ni A Jogún?

Nígbà tí bàbá mi àgbà papò dà, ẹ̀rọ àwòrán Brownie rẹ̀ kàn mí. Irú rẹ̀ ni Kodak bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ọdún 1901. Fíìmù 120 tí ó ń lò ṣì ń bẹ lọ́jà di òní. Mo nu ìpẹtà ara irin rẹ̀ àti eruku ojú dígí rẹ̀. Bí mo ti fẹ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí nọ́ḿbà 5 lójú fèrèsé pupa rẹ̀: fíìmù bàbá ṣì wà nínú rẹ̀!

Bí mo bá ṣí i nínú ìmọ́lẹ̀, àwòrán yóò bàjẹ́. Bí mo bá fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn, èmi yóò rí ohun tí bàbá kò fi hàn wá. Ǹjẹ́ ó tọ́ bí?

Àwọn kan wí pé ẹni tí ó jogún àpótí jogún ohun inú rẹ̀. Lójú tèmi, ohun èlò wà fún lílò, ṣùgbọ́n àṣírí wà fún ìpamọ́. Nítorí náà mo fi ọ̀ràn náà lọ àwọn àgbà ilé. A fi ohùn ṣọ̀kan pé kí a fọ̀ ọ́, kí àwọn sì kọ́kọ́ wò ó. Èyí tí ó bá yẹ, a ó gbé e kọ́ ògiri. Èyí tí kò bá yẹ yóò padà sínú àpótí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.