Ẹ Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀gá Yín Pẹ̀lú

Ẹ kà: Gẹ́nẹ́sísì 39:1–9

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Sabon Gari ló ń fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́. Bí Àlàájì bá gbé ẹni tó ń ru ẹrù ga, tó ní kó máa mójú tó owó, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rí nínú ìpàdé wa pé, "Kì í ṣe ènìyàn, Ọlọ́run ni!" Òótọ́ ni. Sáàmù 75 kọ́ wa pé Ọlọ́run ló ń gbéni ga. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè: ọwọ́ ta ni Ọlọ́run lò?

Àjòjì ni Jósẹ́fù ní Íjíbítì, bí àwọn òbí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe wọ Sabon Gari gẹ́gẹ́ bí àlejò. Pọ́tífárì kò sin Ọlọ́run Jósẹ́fù, síbẹ̀ òun ló fi gbogbo ilé rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ìyàwó Pọ́tífárì fẹ́ fà á sínú ẹ̀ṣẹ̀, oore ọ̀gá ni Jósẹ́fù kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ Ọlọ́run. Ìmoore sí ènìyàn kò bá ìbẹ̀rù Ọlọ́run jà nínú ọkàn rẹ̀.

Ẹ wá wo agbọ́tí Fáráò ní orí 40. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbàgbé Jósẹ́fù fún odindi ọdún 2. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Báwo ni ká ṣe dúpẹ́?

Èkíní, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Bí ọ̀gá bá jẹ́ Hausa, ẹ kúnlẹ̀ tàbí ẹ tẹrí ba, kí ẹ sọ pé "Na gode." Kò ba ìgbàgbọ́ yín jẹ́.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kékeré kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ń wá ìgbéga mìíràn ti di àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì yáwó rà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi òtítọ́ ṣe é. Kí owó ọjà pé, bí ọ̀gá tilẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bó bá sì ní kí ẹ kọ rìsíìtì èké, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́.

Ẹ rántí pé ẹ̀wọ̀n ni Pọ́tífárì padà sọ Jósẹ́fù sí. Ìmoore kì í ṣe òwò tí a ń retí èrè rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Olúwa wà pẹ̀lú Jósẹ́fù nínú ẹ̀wọ̀n náà.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń rántí oore, ní orúkọ Jésù. Àmín.