Ìka Ọwọ́ Òsì

Ní ọjọ́ kejì ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Àlfáà wọ ọkọ̀ ojú irin Haramain ní Mẹ́kà, kò sì tó wákàtí kan tó fi sọ̀ kalẹ̀ ní Jeddah. Mọ́sálásí Haram ló ti lo ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn Ramadan. Ó fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ jẹun ọdún kí ó tó padà sí Èkó. Dùùrù ló kọ́kọ́ rí ní pálọ̀ àbúrò náà.

"Ìyàwó, ta ló ni igi olókùn yìí?"

Ìyá Ìbejì, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni, Àlfáà. Ẹ kú ọdún, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀. Simsimiyya ni wọ́n ń pè é."

Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìbejì. Ọmọ Íjíbítì kan tó wá láti Suez, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ló kọ́ ọ. Àwọn atukọ̀ àti apẹja ló gbé dùùrù yìí káàkiri etí Òkun Pupa, láti Suez dé Yanbu àti Jeddah. Igbá onígi tí wọ́n fi awọ bò ni ìdí rẹ̀. Okùn márùn-ún ló ní látijọ́, tòde òní máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún á gbá àwọn okùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìka ọwọ́ òsì á sì máa pa èyí tí kò gbọdọ̀ dún. Ká sòótọ́, ọwọ́ òsì yẹn ló ń kọrin.

Àlfáà ò tíì jókòó. "Nílẹ̀ yìí náà? Ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń ta dúkìá baba wọn kí wọ́n tó lè fojú kàn án?"

Ìyá Ìbejì ní ilẹ̀ yìí gan-an ló ni ín. Ní oṣù Disẹ́ńbà 2024, Saudi Arabia àti Íjíbítì jọ gbé simsimiyya lọ síwájú UNESCO, àjọ náà sì kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

"UNESCO kì í ṣe lèmọ́mù."

"Ó dáa, Àlfáà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mẹ́kà fúnra rẹ̀."

Ó wá pìtàn tí Abu al-Faraj al-Isfahani kọ sínú Kitab al-Aghani ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọmọ Mẹ́kà kan wà tó ń jẹ́ Ibn Misjah, aláwọ̀ dúdú, ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀. Nígbà tí Abdullah ibn Zubayr ń tún Kaaba kọ́ lẹ́yìn ogun, Ibn Misjah gbọ́ orin tí àwọn ọ̀mọlé ará Páṣíà ń kọ sídìí iṣẹ́ wọn. Ó mú ohùn náà, ó fi sí ewì Lárúbáwá. Wọ́n kà á mọ́ àwọn baba ńlá orin Lárúbáwá títí dòní. "Ara ògiri Kaaba ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá Ìbejì wí.

Ó tún mẹ́nu ba àṣà kan tí wọ́n ń pè ní al-Qays. Látijọ́, tí ọkùnrin Mẹ́kà bá ti lọ sí Mina àti Arafah láti tọ́jú àwọn arìnrìn-àjò Hájì, obìnrin ló ń ni ìlú. Wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin, wọ́n á máa korin láti òpópónà dé òpópónà. Ọkùnrin tí wọ́n bá bá nílé wọ gàù. Yẹ̀yẹ́ ni wọn yóò fi í ṣe. Àlfáà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó wàyí.

Ṣùgbọ́n ó ní hádíìsì kan wà nínú Bukhari tó bu ẹnu àtẹ́ lu ohun èlò orin. Ìyá Ìbejì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ onímọ̀, fèsì pé Ibn Hazm ará Andalus ní ẹ̀wọ̀n àwọn tó gba hádíìsì náà wá já. Àlfáà ní Ibn Hajar ti so ó padà. Ìyá Ìbejì gba tibòmíràn yọ: ṣebí àwọn ọmọbìnrin méjì korin nílé Aisha lọ́jọ́ ọdún, Abu Bakr bínú, Ànábì sì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀? Àlfáà ní ìlù nìyẹn, kì í ṣe okùn.

"Gòjé inú sákárà Yusuf Olatunji ńkọ́? Ọkọ mi ní ìyá yín kì í fi ṣeré. Ó tún ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń lùlù fún ẹgbẹ́ ajísààrì àdúgbò. Inú wéré ajísààrì yẹn ni Barrister ti fa fújì yọ."

Àlfáà ò rí èsì fọ̀ sí i. Ó gba àwo debyaza tí aládùúgbò fi ránṣẹ́, èso gbígbẹ àti dàbínù tí àwọn ará Mẹ́kà àti Jeddah ń fi búrẹ́dì jẹ láàárọ̀ ọdún, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó béèrè lẹ́yìn ìyẹn kò ti inú ìwé wá.

"Ìyàwó, ṣé dùùrù yìí kì í wọ inú ìrun rẹ?"

Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó dáhùn.

"Ó wọ̀ ọ́, Àlfáà. Òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni, gbogbo wa la lọ sí Mẹ́kà. Láti ìgbà tí oṣù ti lé ni mo ti faṣọ wé e, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo dúró ní àṣàmù, ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí tòsì, lèmọ́mù ń ké Kùránì, omi ń bọ́ lójú mi. Àfi bí mo ṣe rí i pé ìka òsì mi ń tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ọ̀tún. Ó ń pa okùn. Níwájú Kaaba."

Ibi tí Àlfáà ìbá ti yọ̀ pé òun borí nìyí. Kò yọ̀.

"Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kírun nínú aṣọ kan tó ní iṣẹ́ ọnà," ó ní. "Ọnà náà gbà á lọ́kàn. Bó ti kírun tán, ó ní kí wọ́n gbé e fún Abu Jahm, kí wọ́n bá òun gba aṣọ rẹ̀ tí kò lọ́nà wá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Kò sun aṣọ náà. Kò ní kí Abu Jahm má wọ̀ ọ́."

"Kò sì tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ọdún."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Ìbejì lára. Ó gbìyànjú: iṣẹ́ náà ń wọ inú ìrun òun, ìgbà mìíràn òun á wà ní ìforíkanlẹ̀, òun á máa rò ó bóyá òun kọ oògùn aláìsàn sílẹ̀. Ṣé kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?

"Iṣẹ́ ń bọ́ ọmọ."

"Èyí náà ń bọ́ wọn. Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé. Tí ọdún bá dé ní Èkó, agbo ilé á kún, ẹ ò ní mọ iye ọmọ tó jẹun. Àwa mẹ́rin péré la wà níbí. Tí mo bá ta á, tí bàbá wọn gbe orin, Yorùbá ni wọ́n fi ń gbè é. Kò sí ìgbà mìíràn tó ń jáde lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n."

Àlfáà mi orí. Ó gbà á. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ ní òkè òkun mọ̀ pé kì í ṣe àwáwí. Síbẹ̀ ó tún padà. "Mo gbọ́. Àmọ́ ìka yẹn ńkọ́?"

"Lọ́dún tó ń bọ̀, láti oṣù Rajab ni màá ti wé e, bóyá ìka á gbàgbé. Kò ní dé Mẹ́kà. Ọjọ́ ọdún ni màá máa ta á, lẹ́yìn ìrun, fáwọn ọmọ."

"Bí kò bá gbàgbé?"

"Mi ò mọ̀, Àlfáà."

"Mi ò ní sọ pé kí o sọ ọ́ nù," ni Àlfáà wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé ọkàn mi balẹ̀."

Àwọn ìbejì ti ń fa ìyá wọn láṣọ. Ó gbé dùùrù lé itan, ó lọ àwọn okùn títí wọ́n fi bára mu. Àlfáà ní òun ń lọ sí yàrá láti ṣe àsíkìrì òun. Ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí ló ti fa tẹ̀súbáà yọ. Orin dé àárín, bàbá wọn ń gbè, Kẹ́hìndé wá tẹjú mọ́ ọwọ́ àlejò wọn.

"Bàbá Èkó, tẹ̀súbáà yín ń bá orin lọ."

Àlfáà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ká ìlẹ̀kẹ̀ náà jọ, ó fi í sápò, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.