Ǹjẹ́ Ìdákẹ́jẹ́ Lè Jẹ́ Irọ́?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá ń ta ọjà, tí kò purọ́ rárá, ṣùgbọ́n tí ó mọ ohun kan tí ẹni tí ń rà kò mọ̀, tí ó sì dákẹ́ títí ó fi gba owó, ṣé ó ti ṣẹ̀? Àwọn kan yóò yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn mìíràn yóò ní ọjà ni ọjà ń jẹ́, kí oníkálukú la ojú ara rẹ̀. Mo rọ̀ wá kí a má yára. Ọ̀rọ̀ náà le ju bí a ti rò lọ, ọjà ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ní Onitsha ló sì jẹ́ kí n mọ bí ó ti le tó.

Odoakpu ni ilé wa wà. Ẹni tí ó bá mọ Onitsha mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ wa, òpópónà Iweka kò jìnnà, níbi tí àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ti pọ̀. Nítorí pé mo mọ díẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà, àwọn ará ìdàpọ̀ wa máa ń ní kí n bá wọn ra ẹ̀yà ara rẹ̀, kí n sì tò ó fún wọn. Kọ̀ǹpútà tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó a máa ra ẹ̀yà tòkunbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò ra ti oṣù yìí, yóò dúró de ti oṣù tí ń bọ̀, títí yóò fi tó láti tò pọ̀ di kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé ẹ̀yà tí ó dára kò tó. Àfi kí wọ́n bá ara wọn mu. Pátákó ńlá kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé, òun ni à ń pè ní motherboard. Processor, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ní ihò tirẹ̀ lórí pátákó yìí. RAM náà ní ihò tirẹ̀. Bí pátákó bá jẹ́ ti DDR3, RAM DDR4 kò ní wọ ibẹ̀, nítorí pé ibi tí wọ́n ti gé e lẹ́nu yàtọ̀. Bákan náà, bí o bá yọ pátákó Dell OptiPlex 7020, tí o fẹ́ fi power pack lásán tí wọ́n ń tà lọ́jà gbé e, o ó rí i pé ẹnu waya yẹn ní ihò 24, ti Dell sì jẹ́ 8. Kò ní wọlé. Irú àìbáramu báyìí kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ojú rí i, ọwọ́ sì mọ̀ ọ́n.

Èyí tí ó léwu ni èyí tí ó wọlé tí kò sì ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Intel ṣe ihò processor kan tí wọ́n ń pè ní LGA1151. Processor ìran kẹfà àti ìkeje ń jókòó sínú rẹ̀. Nígbà tí ìran kẹjọ jáde ní ọdún 2017, iye ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, 1151 náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí ètò iná rẹ̀ padà, ó sì nílò pátákó tuntun. Bí o bá mú Core i5-8400, tí í ṣe ìran kẹjọ, tí o gbé e sórí pátákó H110 tí wọ́n ṣe fún ìran kẹfà àti ìkeje, yóò jókòó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. O ó ti irin rẹ̀ pa. O ó tan iná. Ojú ẹ̀rọ náà yóò sì dúdú bí alẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin kan nínú ìdàpọ̀ wa gan-an nìyẹn. Ó ti ní pátákó H110 nílé. Ó dá lọ sọ́jà, ó fi àwòrán pátákó náà han oníṣòwò kan lórí fóònù rẹ̀ láti béèrè irú RAM tí ó yẹ ẹ́, oníṣòwò náà sì ta RAM tí ó tọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá i5 kan wà nílẹ̀. Ó wà. Ó rà á. Owó tí ó fi oṣù mẹ́ta kó jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló sì fi rà á.

Nígbà tí mo bá a padà lọ, oníṣòwò náà kò bínú. Ó gbé processor náà sórí pátákó mìíràn, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní, “Kọ́sítọ́mà, ṣé mo purọ́? Mo ní i5 ni, i5 ni. Mo ní ó dára, ẹ̀yin náà ti rí i pé ó dára.” Mo bi í pé ṣé kò rí àwòrán pátákó náà. Ó ní òun rí i. Ṣé kò mọ̀ pé wọn kò lè bá ara wọn mu? Ó ní òun mọ̀. “Ṣùgbọ́n kò bi mí.” Nígbẹ̀yìn ó gbà á padà, ó yọ díẹ̀ nínú owó náà, a sì kí ara wa pé ó dàbọ̀. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn, “kò bi mí,” ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Kì í ṣe oníṣòwò yìí ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, Cicero, ọ̀mọ̀ràn ará Róòmù, kọ̀wé nípa oníṣòwò kan tí ó kó ọkà láti Alexandria lọ sí erékùṣù Rhodes nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀. Oníṣòwò náà mọ̀ pé ọkọ̀ ọlọ́kà mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé kí ó sọ fún àwọn ará Rhodes, kí owó ọkà rẹ̀ wálẹ̀, tàbí kí ó dákẹ́, kí ó tà á lọ́wọ̀ọ́n? Cicero ní ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì méjì jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Antipater ní kí ó sọ gbogbo rẹ̀, kí ẹni tí ń rà lè mọ ohun tí ẹni tí ń tà mọ̀. Diogenes ará Bábílónì ní bí kò bá ti purọ́, tí ó sì ti sọ àbùkù tí òfin ní kí ó sọ, ó tó. Ó ní ọ̀tọ̀ ni kí a fi nǹkan pamọ́, ọ̀tọ̀ ni kí a dákẹ́. Ọmọ ẹ̀yìn Diogenes ni ọkùnrin òpópónà Iweka yẹn, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Thomas Aquinas, onímọ̀ nípa Ọlọ́run, pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Ó ní bí àbùkù ọjà bá hàn gbangba, bí ẹṣin olójú kan, ẹni tí ń tà á kò jẹ̀bi bí kò bá sọ ọ́, bí ó bá ti dín owó rẹ̀ kù bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí àbùkù náà bá fara sin, tí ó sì lè mú òfò tàbí ewu bá ẹni tí ń rà, dandan ni kí ó sọ. Ní ti ọkà tí ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ní òdodo kò fi dandan mú oníṣòwò láti sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà rẹ̀ ìbá dára jù bí ó bá sọ.

Mo fara mọ́ ìpín yìí, nítorí pé ó jẹ́ kí a mọ ibi tí a ó dúró. A kò lè ní kí oníṣòwò máa sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá yà pé ọjà yìí dín lówó ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Òun náà ní ọmọ nílé, ó sì ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ arábìnrin wa ní ohun kan tí àpẹẹrẹ ẹṣin kò ní. Processor yẹn kò ní àbùkù. Pátákó yẹn náà kò ní. Níbo wá ni àbùkù wà? Ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Ènìyàn lè sọ òtítọ́ nípa ọ̀kan, kí ó sọ òtítọ́ nípa èkejì, kí òtítọ́ méjèèjì sì di ẹ̀tàn nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀. Arábìnrin náà kò wá ra irin pẹlẹbẹ kan tí yóò fi ṣe ọ̀ṣọ́. Kọ̀ǹpútà tí yóò tàn ló wá rà. Ẹni tí ó mọ̀ pé kò ní tàn, tí ó sì gba owó rẹ̀, ti ta ohun tí kò sí nílẹ̀ fún un. Pọ́ọ̀lù kọ́ wa ní 1 Kọ́ríńtì 12 pé ẹ̀yà ara pọ̀, ara kan ni. Kò sí ẹ̀yà tí a lè sọ pé ó dára tán láìwo ara tí ó wà fún.

Òfin pàápàá ti rí èyí. Òfin títa ọjà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893, tí Nàìjíríà jogún, sọ pé bí ẹni tí ń rà bá ti jẹ́ kí ẹni tí ń tà mọ ohun tí òun fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ó sì hàn pé ìmọ̀ rẹ̀ ni òun gbára lé, ọjà náà gbọ́dọ̀ yẹ fún iṣẹ́ yẹn. Àwòrán orí fóònù yẹn ti fi iṣẹ́ tí ó wà fún hàn án.

Kí wá ni ìdáhùn sí “kò bi mí”? Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà; òótọ́ ni. Wọ́n tún ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ìkòríta wà, báwo ni yóò ṣe béèrè ọ̀nà? Ní Lefitiku 19:14, Ọlọ́run kọ̀ fún wa láti fi ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Afọ́jú kì í béèrè òkúta tí kò rí. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kìkì nígbà tí wọ́n bá béèrè, a jẹ́ pé òfin yẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ̀ tó láti béèrè gan-an ni a ṣe é fún.

Nítorí náà, èmi gbà pé ìdákẹ́jẹ́ di irọ́ nígbà tí ohun mẹ́ta bá pàdé: o mọ̀, o rí i pé ẹnì kejì gbára lé ọ, ohun tí o mọ̀ yóò sì sọ ohun tí ó ń rà di asán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè yí padà. Ẹni tí kò mọ̀ kò purọ́, bí ó bá ti lè sọ pé òun kò mọ̀. Mo ti rí ọmọdékùnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Onitsha, tí kò ní àṣẹ láti dí ọjà ọ̀gá lọ́wọ́. Ó kàn rọra bi ìyá kan léèrè pé, “Mummy, kí ni orúkọ bọ́ọ̀dù yín?” Ìbéèrè yẹn nìkan tó. Ìyá náà lọ wò ó kí ó tó sanwó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú wa yóò máa rò báyìí, pé ọjà Igbo ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe. Ẹ dákun, kí a má gbọ́ ọ mọ́. Ọmọdékùnrin tí mo sọ yẹn, ọmọ Igbo ni. Ẹ lọ sí Ọtígbà ní Ìkẹjà, ẹ ó gbọ́ “ẹ ò bi mí” ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán. Ní ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring gbé Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Yorùbá, àti John Christopher Taylor, ọmọ Igbo tí wọ́n bí ní Sierra Leone, wá sí Onitsha láti dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀. Ìrìn àjò yẹn kan náà ni wọ́n fi dá ibùdó òwò sílẹ̀ níbẹ̀. Ìhìnrere àti ìṣòwò jọ wọ inú ìlú náà ni. Kò yẹ kí a gba ọ̀kan gbọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, kí a sì fi èkejì sílẹ̀ fún ọgbọ́n ayé ní ọjọ́ Ajé.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ní họ́sítẹ̀lì, ẹ mọ̀ pé ìtọ́jú Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹ sì mọ̀ pé Windows 11 kò gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú processor Intel tí kò tó ìran kẹjọ lọ́nà tí ó bófin mu. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìíní bá ní òun fẹ́ èyí tí òun yóò fi ka ìwé fún ọdún mẹ́rin, tí ẹ sì gbé ìran kẹrin fún un, ẹ sọ fún un. Ó ṣì lè rà á. Ó kéré lówó, ó sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú Linux. Ṣùgbọ́n kí ó rà á pẹ̀lú ojú tí ó là.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà náà, Òwe 20:14 bá yín wí, níbi tí olùrà ti ń bu ọjà kù títí yóò fi rà á, tí yóò sì máa yangàn lẹ́yìn náà. Bí ọmọ ọjà bá ṣi iye pè, tí ó fẹ́ ta ohun olówó gọbọi fún ọ bí ohun yẹpẹrẹ, o mọ̀, òun kò mọ̀, ìwọ náà sì dákẹ́. Ohun tí a bá ní kí oníṣòwò ṣe fún wa, òun náà ni kí a ṣe fún un.

Ó ní iye tí yóò ná wa. Àwọn baba wa kò tàn wá; wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ẹni tí ó bá sọ pé “èyí kò ní bá tiyín mu” lè pàdánù ọjà ọjọ́ yẹn. N kò lè ṣèlérí pé Ọlọ́run yóò dá a padà ní ìlọ́po méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹlòmíràn ni yóò san owó ìdákẹ́jẹ́ wa, ẹni yẹn sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a. Bí o bá mọ̀, tí ó sì gbójú lé ọ, jọ̀wọ́, má dúró kí ó tó béèrè. Sọ ọ́.