Kí Àìsàn Tó Dé

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ìkéde kan wà tí ó ti mọ́ wa létí ní Kàbà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: ẹnì kan wà ní ọsibítù, ẹ ṣàánú rẹ̀. A ó tẹ́ aṣọ, owó yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, aláìsàn á ti kú kí owó tó pé. Owó fìdáù rẹ̀ kì í sì í pẹ́ pé.

Láti ọdún 2022 ni òfin ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a sọ láàárín àwa ọ̀dọ́, ẹnì kan á ní, "Ìnṣọ́ránsì? Hàrámù ni." Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní Jeddah, lọ́dún 1985, àwọn onímọ̀ fẹnu kò pé èyí tí àwọn oníṣòwò ń tà kò tọ́, nítorí ìdánilójú kò sí nínú rẹ̀. Ìpàdé kan náà ló fàyè gba èyí tí àwọn ènìyàn bá dá owó jọ bí ọrẹ láti fi ran ara wọn lọ́wọ́. Ìdajì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wa gbé wálé.

Àwọn Aṣ'arí, ìdílé Abu Musa, bí oúnjẹ wọn bá ti ń tán lọ lójú ogun tàbí nínú ilé, wọn a kó ìyókù jọ sínú aṣọ kan, wọn a pín in dọ́gba. Ànábì yìn wọ́n débi pé ó ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ kíyè sí i: wọn kò dúró dìgbà tí ebi bá dá ẹnì kan wólẹ̀.

Láti ọdún 2005 ni ètò yìí ti wà fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Aránṣọ ńkọ́? Àgbẹ̀ ńkọ́, àti opó tó ń din àkàrà? Ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, nǹkan bí 97 ni kò ní in.

Àwọn kan ní ìjọba yóò jẹ owó náà. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn, ìyà ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n òfin yẹn dá owó kan sílẹ̀ fún aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti tálákà. Bí a kò bá béèrè, ta ni yóò bá wọn béèrè?

Kí ẹgbẹ́ wa kọ orúkọ àwọn opó àti arúgbó mọ́ṣáláṣí wa sílẹ̀. Kí àwọn arábìnrin bá wa wọ ilé, wọ́n mọ ẹni tó ń fi àìsàn pamọ́. Kí a kó ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ètò náà ní ìpínlẹ̀ Kogí, kí a béèrè ẹni tó lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ àti ọsibítù tí oògùn wà. Ẹni tí kò bá rí àyè, kí a fi owó Jímọ̀ san tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.